Ẹnu Àgádágodo ni Monica Onígìtá Kú Sí

Monica Onígìtá ti kú. Kò kú sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì kú lójú oorun. Ẹnu ọ̀nà dìsípẹ́ńsárì kan ló kú sí ní ọ̀sán gangan, tí àgádágodo ń wò ó láti òkè. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, torí àwọn ará ibẹ̀ ò ṣẹ̀. Àwọn ni wọ́n fi àáké lu ilẹ̀kùn yẹn títí àáké fi yọ kúrò lórí igi rẹ̀. Ó lọ kọrin níbi ìsọmọlórúkọ ni, ikọ́ fée rẹ̀ bá dìde sí i. Wọ́n gbé e dé dìsípẹ́ńsárì, ilẹ̀kùn wà ní títì. Nọ́ọ̀sì dà? Wọ́n ti kó òun àti àwọn nọ́ọ̀sì abúlé yòókù wá sí Ọ̀wọ̀, kí wọ́n wá tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún àlejò ńlá kan tó ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìlera.

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún, ẹkún di ìbínú, ìbínú sì wá jókòó sí mi lọ́rùn bí ẹni tó san owó ilé.

Ìwé mi ò pọ̀. Kíláàsì kejì ní ilé ìwé mọ́dà ni bàbá mi ti ní kí n máa bọ̀ nílé, pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló yẹ kó parí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ Àǹtí Lábísí nítòsí ọjà Ọ̀wọ̀. Inú mi kì í sábà dùn. Ìyá mi ní ojú mi dà bí òjò tó ṣú tí kò rọ̀, tó kàn ń dí aláṣọ lọ́wọ́ láti sá aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí. Ṣùgbọ́n bí Monica bá ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá, tó fi ìka kan gbé fìlà rẹ̀ sókè, tó ní, “Ẹ̀yin ọlọ́mọge aláìrẹ́rìn-ín, ẹ ǹlẹ́ o,” ẹ̀rín á bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rí i mú.

Ọmọ Ìdógùn ni, ọmọ alágbàṣe oko kòkó. Sístà òyìnbó kan ní míṣọ́ọ̀nù ló kọ́ ọ ní gìtá, kó lè máa fi ti orin ìsìn lẹ́yìn. Sístà lọ sí ìlú wọn, gìtá kù sílẹ̀, Monica bá yí etí sí rédíò. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ orin tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtìrì, orin àwọn òyìnbó darandaran tí ìyàwó wọn ti bá ẹlòmíràn lọ, tí ẹṣin wọn ti kú, tí òjò sì ń pa wọ́n lọ́nà. Gbogbo bàbá tó wà ní Ọ̀wọ̀ ló fẹ́ràn orin náà. Bàbá mi kò gbọ́ òyìnbó kan, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti kọ ọ́ ní ọjọ́ Sunday, á di ojú, á máa mi orí, bí ẹni pé ẹṣin tirẹ̀ ló kú.

Monica mú orin yẹn, ó gbé e wá sílé. Ẹṣin dà ní Ìdógùn? Ó yọ ẹṣin kúrò, ó fi ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ sí i. Ó yọ ìyàwó tó lọ kúrò, ó fi ọkọ tó ta kòkó tí ìyàwó gbìn sí i. Èdè wa gan-an ló ń fi kọ ọ́, kì í ṣe ti àwọn ará Ọ̀yọ́, débi pé àlejò á máa bèèrè pé kí ló ní, àwa á sì máa fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn. Orin kan wà tó kọ fún àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n yọ kúrò ní ilé ìwé kí arákùnrin wọn lè lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ. Nígbà tí mo padà dé, mo ní ata ló ta sí mi lójú. Kò sí ẹni tó ń lọ ata nílé wa lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó gbé kákí dání, ó ní kí Àǹtí Lábísí bá òun rán ṣòkòtò.

“Ṣòkòtò ta ni?”

“Tèmi ni, Àǹtí.”

“Tìẹ kẹ̀? Ṣé ọ̀pẹ lo fẹ́ gùn ni?”

“Rárá o, orí tábìlì ni mo máa ń gùn kọrin. Bí mo bá ró ìró gùn ún, àwọn ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ orin mọ́.”

Àǹtí Lábísí rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó rán ṣòkòtò náà. Ó rán àwọn tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. Àwọn ìyá ìjọ sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Ẹnì kan péré ló ń bá Monica ṣeré, Bàbá Kàsúmù alágbẹ̀dẹ, tí ilé arọ rẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ti dàgbà, kì í fi ìrun kan ṣeré, agogo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ló sì ń lù fún un. Gìtá kan, agogo kan, ó parí. Ẹnì kan bi Monica nígbà kan pé kí ló dé tí kò gba onílù. Ó ní ìlù lẹ́nu ju òun lọ, kò ní jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ohun tí òun ń bú.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dí. Ní ọdún 1979 tí ìdìbò dé, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé ń du ipò aṣòfin. Ta ló rántí pé orin ilé ìwé Monica yóò dùn lẹ́nu kámpéènì? Olúgbádé ni. Ó gbé Monica àti Bàbá Kàsúmù sínú ọkọ̀, ó gbé wọn dé Upenmen, ó gbé wọn dé Afo, ó gbé wọn dé Ìdógùn. Bí Monica bá kọrin tán, Olúgbádé á gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, “Ọmọ mi nìyí! Ohùn mẹ̀kúnnù nìyí!” Á wá jó. Mo rí ijó náà ní Upenmen, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀ ló ṣe ń jó. Àwọn èèyàn dìbò fún un síbẹ̀, torí orin náà dùn. Ó wọlé.

Wọ́n kọ́ dìsípẹ́ńsárì sí abúlé tí mi ò dárúkọ yẹn, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n sì tì í. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá wà, oògùn ò sí. Ọjọ́ tí oògùn bá wà, nọ́ọ̀sì ò sí. Monica bá tún gbé gìtá:

*Àgádágodo, ẹ káàárọ̀,*
*ẹ̀yin ni dókítà wa.*
*Mo ní ibà, ẹ ò fọhùn,*
*mo ń rọbí, ẹ ò gbẹ̀bí,*
*ẹ kàn ń fi ojú irin wò mí.*

Kò sí ọmọ kékeré kan láti Ọ̀wọ̀ dé Ìdógùn tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ìyá bá ti ilẹ̀kùn yàrá kí ọmọ má ba jí ẹran jẹ, ọmọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Àgádágodo, ẹ káàárọ̀.” Láti ìgbà náà ni Monica ò ti sí lórí rédíò mọ́. Ó lọ bèèrè. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti jẹ téèpù rẹ̀. Ó ní èwo nínú wọn? Wọ́n ní gbogbo rẹ̀. Irú ẹ̀rọ wo ló ń ṣa orin ẹnì kan ṣoṣo jẹ láàárín gbogbo orin? Àbí ẹ̀rọ náà ti gba káàdì ẹgbẹ́ ni? Olúgbádé tó ń pè é ní ọmọ mi, bí ó bá rí i níwájú, á sọdá sí òdìkejì títì, á máa yẹ ẹnu bàtà rẹ̀ wò.

Kò dẹ́kun orin kíkọ. Ibi ìsọmọlórúkọ, ibi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, abẹ́ igi ọsàn, níbikíbi tí wọ́n bá ti pè é. Nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ ti dìde sí i, tí wọ́n sì gbé e lọ síwájú àgádágodo tó ti kọrin fún. Nọ́ọ̀sì tó mú kọ́kọ́rọ́ dání ní Ọ̀wọ̀ kò lè fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n ti sọ fún un pé bí ìgò oògùn kan bá sọnù, iṣẹ́ rẹ̀ bọ́. Mi ò bú nọ́ọ̀sì o. Òun náà ń pàtẹ́wọ́ nínú oòrùn lọ́jọ́ náà, ebi sì ń pa á.

Ẹ wo iṣẹ́ ìyanu tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí Monica ṣe kú báyìí, ẹ̀rọ rédíò pọ téèpù rẹ̀! Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni orin ilé ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó mọ́ kedere, kò sí ẹyọ eyín kan lára rẹ̀. Ti àgádágodo nìkan ni kò tíì jáde nínú ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn orin náà ni a gbọ́ ohùn Olúgbádé. Ó ní òun ti dá Ìgbìmọ̀ Ìsìnkú Ẹ̀yẹ sílẹ̀, òun sì ni alága. Wọ́n lọ gbé òkú Monica kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n gbé e wá sí mọ́ṣúárì ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n ní pápá ńlá ni wọn yóò ti ṣe é, àwọn onílù yóò wá, àlejò yóò wá láti Akúrẹ́. Kí wọ́n tó jẹun ìpàdé àkọ́kọ́ tán, ọdún Ìgogo wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Ọ̀wọ̀, nínú Ìgogo, èèwọ̀ ni ìlù. Agogo nìkan la ń lù títí ọdún yóò fi parí. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ayaba àtijọ́ kan la ń ṣe é fún, obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ nínú ilé ọkọ rẹ̀ títí ó fi bínú lọ, tí ìlú wá ń fi agogo bẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún. Mo sì ń bi ara mi, Monica ńkọ́? Ṣé ìgbà tí ó bá di ayaba àtijọ́ ni wọn yóò tó bẹ̀ ẹ́?

Ìgbìmọ̀ ní níwọ̀n ìgbà tí ìlù ò ti sí, kí òkú dúró. Òkú ń dúró. Iná mọ́ṣúárì ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ ń ṣèpàdé.

Wọ́n gbé iṣẹ́ wá fún wa ní ṣọ́ọ̀bù: ọ̀já apá dúdú, kí á fi òwú funfun kọ ÌGBÌMỌ̀ sí i lára. Èmi ni mo ń kọ ọ́. Bí mo bá dé orí GB, mo máa ń gún abẹ́rẹ́ náà bí ẹni pé ara ẹnì kan wà lábẹ́ aṣọ. Ọjọ́ tí Mama Ọmọ́lẹ́yẹ, ìyá Monica, ti Ìdógùn dé, iṣẹ́ náà ló wà lórí itan mi. Mama jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé arọ Bàbá Kàsúmù, kò mu omi, kò jẹun. Kò pẹ́ ni Olúgbádé sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹni tí a kì í rí láìdé fìlà tó ga bí òkìtì ọ̀gán, Ìgogo ti tú u síta. Orí rẹ̀ ń dán bí àwo tánńganran.

“Madam, ṣé ọ̀já wa ti tán?”

“Ó kù díẹ̀, sà,” ni Àǹtí Lábísí wí. “Ìgbìmọ̀ yín ló ń bímọ lójoojúmọ́.”

Mama dìde. “Olúgbádé, ọmọ mi dà?”

“Ha, Mama! Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ fara balẹ̀. Monica kì í ṣe ọmọ yín nìkan mọ́, ọmọ gbogbo wa ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi bí i, ọmú èwo ló mu lára yín?”

Mo tẹrí ba mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kí wọ́n má ba rí eyín mi.

“Mama, Ìgogo là ń ṣe. Ẹ mọ èèwọ̀. Kò sí ìlù nílẹ̀. Ṣé bí adìyẹ lẹ fẹ́ ká sin ẹni ńlá?”

“Ìdógùn kì í ṣọdún Ìgogo. Ìdógùn ni màá sin ín sí.”

“Àlejò tí ń bọ̀ láti Akúrẹ́ kò mọ ọ̀nà Ìdógùn, Mama.”

“Ó mọ̀ ọ́n nígbà ìbò.”

Bàbá Kàsúmù gbé òòlù sílẹ̀. Ó nu ọwọ́. “Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí a jọ ń lọ láti abúlé dé abúlé, ìlù wo lẹ rí lọ́wọ́ Monica?”

Olúgbádé na ọwọ́ sókè kó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Fìlà ò sí. Ó wá họ orí.

“Orin lọ́tọ̀, ìsìnkú lọ́tọ̀, Bàbá.”

“Obìnrin yẹn kò lo ìlù rí láyé rẹ̀. Agogo la lù. Agogo sì ni gbogbo Ọ̀wọ̀ ń lù lónìí. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ fi gbogbo ìlú sin Monica, ìgbà wo ni ìbá tún mú ju èyí lọ?”

Olúgbádé wo mọ́tò rẹ̀, ó ní ìpàdé ń dúró de òun. Ó lọ, kò mú ọ̀já kankan. Ìgbìmọ̀ tó mọ èèwọ̀ ìlú tó báyìí, tí kò mọ ohun èlò orin ẹni tó fẹ́ sin! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Lábísí ti ṣọ́ọ̀bù. Òun àti Mama, Bàbá Kàsúmù àti èmi, a gba mọ́ṣúárì lọ. Láníyì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó ní àyàfi kí ìgbìmọ̀ pàṣẹ. Mama ní, “Ọmọ mi, èmi ni mo bí òkú náà.” Láníyì wo ilẹ̀. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ni.

Bàbá Kàsúmù kò bá a jiyàn. Ó yọ agogo rẹ̀ lábẹ́ agbádá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Kò kọrin o, ó kàn ń lù ú ni. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ń ti ọ̀nà ọjà bọ̀ pẹ̀lú agogo tiwọn, wọ́n ń ṣọdún lọ. Ọ̀kan nínú wọn dúró, ó yí etí. “Ẹ gbọ́ ná, àgádágodo kọ́ nìyí?” Bí wọ́n ṣe yà síbẹ̀ nìyẹn. Agogo di púpọ̀. Àwọn obìnrin ọjà gbé igbá kalẹ̀ wọ́n gbè é. Ẹ wá gbọ́ orin níwájú géètì tó wà ní títì: *Àgádágodo, ẹ káàárọ̀!*

“Ẹ má pariwo níbí!” Láníyì ń ké. “Àwọn òkú ń sinmi!”

“Ariwo kọ́, ọdún ni,” Àǹtí Lábísí dá a lóhùn. “Ìgbìmọ̀ tìrẹ ló ní Ìgogo là ń ṣe. Àwa náà ń ṣe é. Àbí kí n lọ sọ láàfin pé Láníyì ní kí agogo Ìgogo dákẹ́?”

Láníyì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sún mọ́ Mama, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mama, èmi náà fẹ́ràn ọmọ yín. Iná ò dúró mọ́ níbí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Ẹ gbé e kíá.” Ó ṣí géètì.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó já iṣu sílẹ̀ ní ọjà ló gbé wa. Mi ò gun ọkọ̀ pẹ̀lú òkú rí. Mo rò pé ẹ̀rù á bà mí. Ojú ọ̀nà ni mo gbájú mọ́, bí ọkọ̀ bá sì bọ́ sínú kòtò, mo máa ń fi ọwọ́ di ẹni náà mú, bí ẹni pé ó lè farapa. A sin ín sí ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀ ní Ìdógùn. Òjò pa wá. Katikíìsì gbàdúrà tirẹ̀, Bàbá Kàsúmù dúró lábẹ́ igi, ó ṣe tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn obìnrin kọ orin ewúrẹ́ yẹn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Kò sí àga, kò sí àlejò. Kò sí ẹni tó béèrè ìlù.

Olúgbádé dé nígbà tí Ìgogo parí. Ó ti dé fìlà. Ó mú afọ́tò wá, ó so ọ̀já tí mo kọ mọ́ apá. Ó ní kí Mama dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lórí sàréè, kó sunkún díẹ̀ fún fọ́tò. Mama ní, “Ẹ kọ́kọ́ sun tiyín, kí n wo bí wọ́n ti ń ṣe é.”

Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ò tíì túká. Wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ìgbìmọ̀ Ìrántí. Kí ni wọ́n fẹ́ rántí? Ṣé wọn yóò rántí ẹni tó ní kí wọ́n kó àwọn nọ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wá pàtẹ́wọ́? Ṣé wọn yóò rántí ẹni tó bá ẹ̀rọ rédíò sọ̀rọ̀ pé kó jẹun? Dìsípẹ́ńsárì yẹn ṣì wà ní títì títí di àárọ̀ yìí. Ọmọ ẹlòmíràn ń wú ikọ́ ní abúlé yẹn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mi ò béèrè ère, mi ò béèrè kí wọ́n fi orúkọ Monica pe títì kan. Ohun tí mo fẹ́ kéré. Kí Olúgbádé wá sí Ìdógùn ní ọ̀sán, láìmú afọ́tò, láìmú ìgbìmọ̀. Kó jókòó sórí àpótí níwájú Mama, kó dárúkọ ẹni tó pàṣẹ, bí ó bá sì jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni, kó dárúkọ ara rẹ̀. Kó sọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yẹn yóò ṣí, tí kò sì ní tì mọ́. A ò ní lù ú, a ò ní hó lé e lórí. Mama á fún un ní omi tútù mu, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbẹ̀ fún ẹni tó bá wá láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa á dákẹ́, a ó máa wò ó lẹ́nu.